Bébà Tí Mo Gbé Kọ́ Sókè Ààrò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún méjì. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ wa ò mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bóyá ǹ bá tiẹ̀ máa gbé e pamọ́ lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jẹun dáadáa.

Tísà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lórí omi, kò jìnnà sí Awoye. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ẹ ó rí iná gáàsì ilé-iṣẹ́ epo tó ń jó lókèèrè. Kì í kú, òjò ìbáà máa rọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará abúlé ti ń pariwo pé èéfín rẹ̀ ń jẹ òrùlé wa, ó sì ń ba àyà àwọn ọmọ wa jẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn, torí a ò ní ẹ̀rí.

Ẹ̀rí yẹn ni àwọn ará yunifásítì wá bá wa wá. Wọ́n ń ṣèwádìí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí tí èèyàn ń fà símú. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, Dókítà la máa ń pè é. Kò gbéra ga rárá, ó bá wa jẹ púpùrú lórí pákó. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí pèpéle onípákó nítòsí iná gáàsì náà. Ẹ̀rọ yìí máa ń fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà funfun roboto kan, ìdọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ bébà. Èmi ló ní kí n máa wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n pààrọ̀ bébà, kí n kọ ọjọ́ àti ibi tó ti wá sí i lára, kí n tọ́jú rẹ̀ sínú kúlà oníyìnyín, kí n sì fi í ránṣẹ́ sí wọn.

"Tísà, ẹ̀yin lojú wa níbí o," ló sọ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ilé.

Mo ṣe é bó ṣe yẹ níbẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tó di àsìkò òjò, omi dàrú. Lọ́jọ́ kan, ìgbì dojú ọkọ̀ mi dé, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo mọ omi í wẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo rí ikú. Òpó kan ni mo dì mọ́ títí àwọn apẹja fi fà mí jáde.

Ó yẹ kí n sọ fún Dókítà pé mi ò lè lọ síbẹ̀ mọ́. Ojú ló tì mí. Mo tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá sì fi bébà funfun ránṣẹ́, wọ́n á mọ̀ pé mi ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Mo mú bébà tuntun, mo gbé e kọ́ sókè ààrò tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń yan ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi, ẹja yíyan ló sì fi rán mi níléèwé. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ Dókítà ni. Ó tiẹ̀ bá mi fẹ́ iná kí bébà náà lè tètè dúdú.

Mi ò mọ̀ pé èéfín yàtọ̀ síra. Lójú tèmi, dúdú ni dúdú. Gbogbo àsìkò òjò yẹn ni mo fi ṣe é, mo sì ń kọ "ẹ̀gbẹ́ iná gáàsì" sára wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Dókítà padà wá, wọ́n sì pe abúlé jọ sínú kíláàsì mi. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní èéfín igi ní àmì tirẹ̀ tí iná gáàsì ò ní, àmì igi yẹn ló sì kún inú bébà wa. Ó ní òun náà ò retí ẹ̀, àmọ́ ohun tí òun bá níbẹ̀ lòun gbọ́dọ̀ sọ. Aṣojú ilé-iṣẹ́ epo tó wá sípàdé náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ pa iná tiyín ná kí ẹ tó wá sọ tiwa." Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ń to ìwé àwọn ọmọ jọ.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wúkọ́ nígbà yẹn, kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé.

"Ùwọ lo kàwé, àbúrò mi," ó ní. "Ṣé uṣẹ́ mi ló ń pa ọmọ yìí? Bébà yẹn dúdú lójú mi."

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bí wọ́n ṣe wí náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wó ààrò náà lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo bá a kó amọ̀ rẹ̀ dà sómi. Mi ò sọ pé èéfín igi dára fún àyà o, mo mọ̀ pé kò dára. Àmọ́ ààrò ò sí mọ́, ọmọ náà ṣì ń wúkọ́, iná gáàsì sì ń jó.

Dókítà ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwádìí náà jáde, wọ́n á sì fi orúkọ mi sí i. Ó ní kí n kọ orúkọ mi bí mo ṣe fẹ́ kó hàn, kí n fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Láìsí yín, a ò lè mọ òótọ́."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ba iṣẹ́ obìnrin tó fọkàn tán mi jẹ́, àwọn ará abúlé sì lè lé èmi àti ọmọ mi jáde. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, irọ́ mi á di ìwé tí ilé-iṣẹ́ epo á máa nà sí wa títí láé.

Lánàá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà sáré lọ bá a, ó nawọ́ pé kó gbé òun. Ẹ̀gbọ́n mi fà sẹ́yìn. "Lọ bá ìyá rẹ," ó ní, "òórùn èéfín ṣì wà láṣọ mi." Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ tí kò ti yan ẹja.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ dárí jì mí tí ẹ bá lè ṣe é. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ kàn sọ fún mi: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé Dókítà ni àbí ẹ̀gbọ́n mi? Ọjọ́rú la wà lónìí.