Àwẹ̀ró àti Ìpín Ọ̀nà Odò

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ni ọkọ̀, ogun lé Àwẹ̀ró, ìyá tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀, kúrò nílé. Ó pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fa àwọn yòókù lọ́wọ́, ó wọ ìlú Òkè-Àgbọn yìí. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún un nílé, wọ́n fún un ní ilẹ̀ àgbàdo àti ilẹ̀ iṣu. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n ń pè é. Àlejò kì í gbin obì, torí ẹni tó bá gbin obì ti di onílẹ̀. Àlejò kì í sì í bá wọn ro ọ̀nà odò, tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ Adéwọyin, tó máa ń sá pamọ́ bí a bá pe iṣẹ́ ìlú, ìyẹn ì bá dùn mọ́ ọ. Kò dùn mọ́ Àwẹ̀ró.

Ó ṣe, ó ṣe, ilẹ̀ ń há. Ìlú pé jọ, wọ́n ní bí ìkórè bá ti parí, kí àwọn àlejò kó lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí iṣu kì í ta. Àwẹ̀ró dìde láti sọ̀rọ̀. Ọ̀tún dá a dúró.

“Obìnrin yìí, níbo ni ìpín rẹ wà lójú ọ̀nà odò?”

“Kò sí, bàbá.”

“Ẹni tí kò ní ìpín lọ́nà kò lẹ́nu ní ìpàdé. Jókòó.”

Ó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dùn ún wọra.

Ó lọ kúnlẹ̀ fún Baálẹ̀ pé kó fún òun ní ìpín. Baálẹ̀ ní, “Ìpín ti tán, Àwẹ̀ró. Ó ti dé etí odò.”

Ẹ gbọ́ o, etí odò. Ibẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, ibẹ̀ ni ìkòkò ti ń fọ́, ibẹ̀ ni aboyún ti ń ṣubú, agbo ilé kankan ò sì ní ìpín níbẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọkọ́. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ́ àtẹ̀gùn síbẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ́ ẹ. Òjò wó o, wọ́n tún un ṣe. Òjò tún wó o, wọ́n tún tún un ṣe. Bí a bá ń perí akọni, à á fi idà lalẹ̀. Tèmi, ọkọ́ ni mo fi ń lalẹ̀ fún Àwẹ̀ró.

Ìkórè parí, ìlú tún pé jọ. Àwẹ̀ró tún dìde. Ọ̀tún tún bi í, “Níbo ni ìpín rẹ wà?”

Kó tó lanu, ìyàwó Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ti dáhùn láti ẹ̀yìn. “Baálé mi, ibi tí ìpín tiyín parí sí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Omi tí ẹ fi bọ́jú láàárọ̀, orí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mo gbé e gbà.”

Ọ̀tún kọjú sí Àwẹ̀ró. Ó ní, “Sọ̀rọ̀, ìyá.”

Àwẹ̀ró ní, “Àwa àlejò ò lọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Obì la fẹ́ gbìn.”

Wọ́n sì gbìn ín. Igi tí ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ yìí, ara obì ọ̀hún ló ti wá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá wa gbé, tí a bá ti fún un lómi mu, ọkọ́ ló kàn, a ó sì fi ìpín rẹ̀ hàn án lọ́nà. Àwọn ará ìta ní a ò mọ àlejò ṣe. Ayálégbé tuntun yẹn náà fajú ro lánàá nígbà tí mo gbé ọkọ́ fún un, ẹ̀yin sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bá a. Ẹ sọ fún un pé ìpàdé ìlú wà lọ́la, kó tètè dé, a fẹ́ gbọ́ ohun tó bá ní láti sọ.