Àgbàdo Tí Bùrọ̀dá Fà Tu

Ìyìn ni fún Ọlọ́run tó ń bojú wo orí ààtàn! Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn ín, ẹnu èmi nìkan ò tó.

Èmi Ìyá Grâce, oko ìwádìí àgbàdo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bingerville. Ní deux mille quatre, ọdún 2004, patron mi, ọ̀gá oko náà, gbé àgbàdo kan lé mi lọ́wọ́. Ogún ìyá nìkan ni àgbàdo yìí gbà, ti bàbá ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdajì ni. Ó tín-ín-rín, ó rẹlẹ̀, àgàn sì ni. A ó gé orí èhù rẹ̀ díẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sínú oògùn olóró kan, kí ìdajì lè di odindi, kó sì bímọ. Ọ̀pọ̀ ló ń kú. Èyí tó bá bímọ, gbogbo ọmọ rẹ̀ á rí bákan náà. Ohun tí patron ń wá nìyẹn.

Ó ní, "Madame, tí èyí bá bàjẹ́, ẹ máa lọ sílé."

Ìlú wá dàrú. Kò sí gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré wa, kò sí takisí. Mo há mọ́lé wa ní Adjamé, ọ̀nà jíjìn sóko. Mo pe Bùrọ̀dá Samuel, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ilé wọn ò jìnnà sóko.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin àgbàdo mi."

"Má mikàn, ìyàwó wa."

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó débẹ̀. Yéè! Ọmọ àgbẹ̀ ni Bùrọ̀dá. Wọ́n ti bá mi dín àgbàdo kù bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn: wọ́n fa àwọn tó tín-ín-rín tu, wọ́n fi àwọn tó ga sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ga yẹn ni àgbàdo lásán tó yọ́ wọ àárín wọn. Àwọn gan-an ló yẹ ká fà dànù!

Mi ò bínú sí ìyẹn. Èmi ni mi ò ṣàlàyé. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún patron, tó sì ránṣẹ́ pè wọ́n, Bùrọ̀dá wojú mi, wọ́n ní, "Monsieur, mi ò dé oko yín rí."

Ẹnu tó ń ka Bíbélì fún wa níhìn-ín!

Patron ní, "Ẹ̀yin Anago! Ẹ ti tà á." Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n máa ṣiṣẹ́ títí ẹni tó máa rọ́pò mi á fi dé. Ọkọ mi ní, "Gba ẹ̀bi náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ẹ̀yin náà ní ìyàwó ilé kì í fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ da koríko sórí ààtàn. Olúwa ṣeun! Àgbàdo méje dúró níbẹ̀, nínú àwọn tí Bùrọ̀dá kó dà síbẹ̀. Òjò ti rọ̀ sí wọn, wọ́n ti ta gbòǹgbò. Mo pe patron. Ó wò wọ́n títí, ó ní ká dúró wò ó.

Mẹ́fà yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lásán, kò sí lẹ́búlẹ́bú tó ń mú àgbàdo bímọ lórí wọn. Ẹyọ kan, ọ̀kan ṣoṣo, ló fún mi ní lẹ́búlẹ́bú díẹ̀. Mo gbọn ọ́n sórí irun ọmọ tirẹ̀, mo fi bébà bò ó, mo ń gbàdúrà, mo ń sunkún.

Nígbà tó gbó, patron kà á. "Onze grains." Hóró mọ́kànlá! "Madame, ẹ dúró sẹ́nu iṣẹ́ yín." Kò sọ pé pardon, kò ní kí n má bínú. Ó lọ.

Halelúyà! Mo dúpẹ́! Pásítọ̀ ní kí n sọ pé mo ti dárí ji Bùrọ̀dá. Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ, èyí tí wọ́n ti pa nílé wa tó. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.

Ìwọ tí wọ́n fà tu nítorí pé o tín-ín-rín, má tíì kú. Gbòǹgbò ṣì wà lára rẹ, òjò Ọlọ́run ò sì yọ orí ààtàn sílẹ̀. Olúwa, o ṣeun, o ṣeun.

Bùrọ̀dá Samuel, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi ṣe Àmín.