Àwọn Ọwọ́ Tó Gbé Pápá Dúró

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi tó já. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Múyìíwá, alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí, n kì í ṣe alálàá. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde níbí pé òun ríran, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wo aago. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ọjọ́rú, n kò lè dá a gbé mì.

Ẹ rántí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí mo ní kí ẹ bá mi gbà. Mo ní ètò kan wà níwájú mi, kí Ọlọ́run tì mí lẹ́yìn. Ẹ ò bi mí pé ètò wo. Ìyá Ìjọ pàápàá gbà á, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ẹ wá gbọ́ ètò náà lónìí.

Owó tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń san kí wọ́n lè máa fi eré wa hàn, dọ́gbadọ́gba ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń pín in. Nígbà tí owó náà kéré, kò sẹ́ni tó bínú sí i. Nígbà tó wá di owó ńlá, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹgbẹ́ tí aráyé ń wò jù ni kó máa kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹ sì mọ ibi tí irú rẹ̀ ń já sí. Ẹni tó lówó ni yóò ra àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, àwọn yẹn ni aráyé yóò máa wò, wọn yóò sì tún gbé owó wá fún un. Àwọn tó kù yóò máa gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni gbogbo àwa alága yóò nawọ́ dìbò lé e lórí. Ọwọ́ kan péré ló kù tí yóò fi kọjá. Alága ẹgbẹ́ ńlá kan wá bá mi nílé, ó jẹ iyán mi, ó ní bí mo bá nawọ́, wọn yóò ka ẹgbẹ́ wa mọ́ àwọn ńlá fún ọdún méjì. Bí n kò bá nawọ́, kí a má retí kámẹ́rà kankan ní pápá wa mọ́. Mo ti gbà fún un kí n tó wá bá yín. Ẹ̀yin ará, n kò fi ààwẹ̀ yẹn béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti pinnu, mo kàn fẹ́ kí Ó fọwọ́ sí i ni.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tí a parí àdúrà ọ̀sán, tí gbogbo yín lọ, mo dúró sẹ́yìn. Mo gbàdúrà títí ọ̀fun mi gbẹ, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Oorun gbé mi lọ. Mo kàn mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀ ni. Ìyá Rẹ̀mí ni, ìyá tó ń fọ jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí a sin nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọṣẹ kò jẹ wọ́n lọ́wọ́ mọ́, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń dán.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo ti kú ni?”

Wọ́n ní, “O ò tíì kú. Bọ́ bàtà rẹ, kí o máa tẹ̀ lé mi.”

A kọjá ní ibi kan tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná débi pé eyín mi ń dùn mí. Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn gùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn. Mo rí àwọn alágbèrè, mo sì dá méjì mọ̀ nínú wọn, ẹ má bi mí. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n dáadáa, Ìyá Rẹ̀mí gbá mi lọ́wọ́. “Tìẹ ń bẹ níwájú,” ni wọ́n wí.

A dé pápá ìṣeré kan tí n kò rí òpin rẹ̀. Pápá náà dà bí òrùlé, apá kan ga fíofío, apá kejì wọlẹ̀ lọ sínú kòtò. Nísàlẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbá bọ́ọ̀lù gòkè, bọ́ọ̀lù ń yí padà, wọ́n ń sáré tọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n tún ń gbá a gòkè. Mo rí jẹ́sì tiwa lára àwọn kan. Mo bú sẹ́kún.

“Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, mà?”

“Wọn ò ṣẹ̀. Àwòrán wọn nìyẹn, kì í ṣe àwọn gan-an. Wá wo àwọn tí ibí jẹ́ tiwọn.”

Wọ́n mú mi gòkè. Níbẹ̀, koríko tutù, àga sì rọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yí ibẹ̀ ká, iná ń jáde lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ọlọ́lá tó ti kú, tí gbogbo wa mọ̀ nígbà ayé wọn, wọ jẹ́sì tuntun, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn, iná kámẹ́rà ń bó wọn lára, wọn ò rí ibi sá sí.

Ìyá Rẹ̀mí ní, “Ojú ayé ni wọ́n ń wá. Òun nìyí. Kì í ṣẹ́jú.”

Ọ̀kan nínú wọn rí mi. Ó ké wá sọ́dọ̀ mi pé, “Múyìíwá, bá mi pe ẹnìkan wá, kó wá bá mi gbá a. Ẹnìkan péré.” Kò sẹ́ni tó lè gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti borí gbogbo èèyàn, kò wá rí ẹni bá ṣeré mọ́.

Mo bi Ìyá Rẹ̀mí pé kí ló gbé apá òkè yìí dúró, nítorí n kò rí òpó. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ni. Àwọn èèyàn dúró lábẹ́ pápá nínú òkùnkùn, ọwọ́ ọ̀tún gbogbo wọn wà lókè, pápá jókòó lé àtẹ́lẹwọ́ wọn, èjìká wọn ti yẹ̀, wọn ò lè sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Wọn kì í ṣe olówó. Alága ẹgbẹ́ kéékèèké bíi tèmi ni wọ́n.

“Àwọn wo nìyí, mà?”

“Àwọn tó nawọ́ nípàdé.”

“Wọn ò jẹ nínú rẹ̀ ni?”

“Wọ́n jẹ ẹ́ fún ọdún méjì.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè kan tó ṣófo, tó gba ẹnìkan ṣoṣo. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbéra, mo fi tòsì fà á, kò gbọ́, mo gé e jẹ, kò gbọ́, ó ń lọ sókè, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ lọ sí àyè yẹn, pápá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo ń pe Jésù, ohùn mi ò jáde, àtẹ́lẹwọ́ mi kan abẹ́ ilẹ̀ náà, ó gbóná, ó wúwo, Ọlọ́run mi, ó wúwo. Ìyá Rẹ̀mí fà mí yọ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń fa aṣọ nínú omi.

Nígbà tí mo lajú, a ti wà lórí pápá mìíràn tó tẹ́jú, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ méjì ń mu omi nínú ìkòkò kan náà. Alága àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ní, Bàbá Àlàbí, jókòó níbẹ̀, ara wọn tù. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí pé bàbá yìí máa ń pín owó tí òǹwòran ń san lẹ́nu ọ̀nà sí méjì, tí wọ́n á fún ẹgbẹ́ tó wá ṣe àlejò wa ní ìdajì kí àwọn yẹn tó darí sílé. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọn ò gbọ́n.

Wọ́n wò mí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Múyìíwá, bí àlejò ò bá rówó ọkọ̀ padà sílé, ta ni yóò wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó ń bọ̀?”

Mo jí. Ìyàwó mi ló wá wò mí ní ilé àdúrà, ó ní ọwọ́ mi wà lókè gan-gan, òun àti ọmọ ìjọ kan ni wọ́n jọ fà á wálẹ̀.

Mo ti pe alága ńlá yẹn lórí fóònù. Mo ní kó má ka ọwọ́ mi mọ́ tiwọn. Ó kọ́kọ́ bú mi, ó wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹgbẹ́ wa ni yóò kọ́kọ́ túká, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀. Ọmọ mẹ́rin nínú ìjọ yìí ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa, owó oṣù wọn lè dáwọ́ dúró, èmi ni mo sì fà á. Kí òbí tó bá ń bínú wá bá mi nílé, kó má bínú sí Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín, ẹ̀yin tí mo fi ààwẹ̀ tàn jẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun gbàdúrà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé orí ta ni ohun tó ń tọrọ yóò jókòó lé. Ẹ bi èmi náà. Ní Sátidé, nínú yàrá ìpàdé yẹn, wọn yóò ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́, gbogbo wọn yóò sì yíjú sí mi. Orí itan mi ni ọwọ́ mi yóò wà.