Ohun Tí Mo Rí Ní Àyà Mojísọ́lá

Ta ló sọ fún yín pé abẹ ló pa àbúrò mi, Mojísọ́lá? Gbogbo ẹbí ni, àbí? Mo mọ̀. Wọ́n la àyà ọmọ, ọmọ kò jí mọ́: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Fọlákẹ́ ọmọ mi, gbé ọmọ yẹn dáadáa, kí ìwọ àti Fẹ́mi ọkọ rẹ gbọ́ mi. Dókítà ti dá ọjọ́ tí wọn yóò dí ihò inú ọkàn rẹ̀, ẹ ní ẹ ò lọ mọ́. Nítorí Mojísọ́lá. Ẹ gbọ́… tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mi ò bá yẹ̀ wò, n kì í gbà á.

Ní ìgbà èwe tèmi, Yábàá ṣì ní àyè tí ọmọdé lè sáré sí. Mojísọ́lá kì í sáré. Láti ìkókó ni, bó bá ń mu ọmú, a máa làágùn. A máa fi ọmú sílẹ̀ kó tó lè mí. Ikọ́ ọ̀hún, òtútù àyà ọ̀hún, kì í tán. Dókítà ní ihò wà lára ògiri tó dá ọkàn rẹ̀ sí méjì, ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ ya lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró bí ọ̀gbàrá. Ó ní ká máa gbé e wá déédéé, títí wọn yóò fi rí ọ̀nà láti dí i. Kì í ṣe bíi tòní tí wọ́n ń wo ọkàn ọmọ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ó ṣe díẹ̀, ikọ́ náà lọ. Ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bẹ̀rẹ̀ sí mí jẹ́jẹ́. Ó sanra, ó ń lọ sílé ìwé.

Ìyá wa ní, "Bàbá Bísí" (èmi ni Bísí), "ṣé ká gbé e lọ fún dókítà wò?"

Bàbá wa, tó ń kọ́ àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn, ta ni yóò tún un wò? Àbí o fẹ́ kí dókítà gba ògo ni?"

A ṣe ìdúpẹ́. A jó lọ síwájú pẹpẹ, Mojísọ́lá nínú aṣọ funfun. Bàbá jẹ́rìí, ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Ẹni tó ti jẹ́rìí lójú gbogbo ìjọ, báwo ni yóò ṣe padà lọ sọ pé àrùn ṣì wà nílẹ̀?

Nígbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, bí ẹni tó mu omi aró. Àtẹ̀gùn díẹ̀, ó ti dúró. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Mo ní, "Mojí, ìwọ arúgbó yìí!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa gòkè lọ. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi gba àga sílẹ̀."

Nígbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ rárá, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ abẹ, ìjọ gbààwẹ̀. Ọmọ kékeré kan láti Pápá Àjàó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, irú ihò kan náà. Wọ́n dí tirẹ̀. Ó ti lọ́mọ, ó ti lọ́mọ-ọmọ. Títí dòní ló ń lọ kí wọ́n máa wo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ní ti Mojísọ́lá, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti itan rẹ̀ dé inú ọkàn, wọ́n fi wọn agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà pe èmi àti Bàbá.

"Nígbà wo ni ikọ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró?"

Èmi ni mo dáhùn: "Ọdún tí a ṣe ìdúpẹ́."

Ó mi orí. "Kì í ṣe ìwòsàn. Ọ̀gbàrá ẹ̀jẹ̀ ti lu àwọn òpó inú ẹ̀dọ̀fóró títí wọ́n fi yi, tí wọ́n sì fún. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè wọlé mọ́, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi lọ. Ihò yẹn nìkan ni ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè wọlé ń gbà jáde nínú ọkàn rẹ̀ báyìí. Bí a bá dí i, orí tábìlì ni yóò kú sí. Bàbá, ẹ pẹ́."

A gbé e padà sílé. Ìgbà ọyẹ́ ló kú, nínú yàrá àwa méjèèjì. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n ní kí ló ṣe é. Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ abẹ ni." Ìyá mi tẹ orí ba. Ta ni yóò já a nírọ́ níbi òkú ọmọ rẹ̀?

Kí lo wí, Fẹ́mi? "Ṣùgbọ́n ara ọmọ wa ti ń yá, Màmá"? Kò làágùn mọ́ bó bá ń mu ọmú, ẹ sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo gbọ́. Mi ò sọ pé ìdúpẹ́ burú. Mi ò sọ pé iṣẹ́ abẹ kò léwu. Ihò mìíràn a sì máa dí fúnra rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó dí yàtọ̀ sí èyí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró pa. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó. Lọ́la.

Abẹ ló pa á, abẹ ló pa á… Èmi àti ìyá mi la wẹ òkú Mojísọ́lá. Èmi ni mo fi kànrìnkàn fọ àyà rẹ̀, láti ọrùn dé ìdodo. Kò sí ojú abẹ kankan níbẹ̀.