Kóńgò Ìyá Ràfíà àti Iṣẹ́ Tó Fẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ, torí mo mọ ara mi. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tisà máa bẹ̀rù àtidúró níwájú èèyàn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Orúkọ mi ni Mọyọ̀. Mo wà lára àwọn tó máa ń to àga lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí. Iṣẹ́ tí mo rí ló kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ mi, tí Ọlọ́run ò jẹ́ kó bọ́. Ohun tí mo wá dúpẹ́ fún nìyẹn.

Ilé-ìwé àdáni kan ní Èbúté Mẹ́ta ló gbà mí, kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ilé-ìwé náà, àti tisà àti ọmọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, Mọ́mì sọ fún mi pé oṣù mẹ́ta làwọn máa fi wò mí, pé tó bá pé, àwọn fúnra àwọn máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi. Tó bá dáa, mo di tiwọn. Tí kò bá dáa, ká dágbére fúnra wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ọdún méjì ni mo fi wá iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ bí mo ṣe máa kọ́ ọmọ sí. Mo fẹ́ kí ọmọ máa rí ìṣirò nílé, nínú ìkòkò, lára ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ èmi, wọ́n á kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, a ó dà á kọ, wọ́n á pa á rẹ́. Mo máa ń yege, àmọ́ mi ò gbádùn ẹ̀ títí mo fi dé yunifásítì. Mi ò fẹ́ kó pẹ́ ọmọ kankan tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún mi ni mo ṣe fún wọn. Ẹ̀rù ni. Ìwé mi wà nínú báàgì, èmi ń kọ fọ́múlà sí bọ́ọ̀dù, bí a ṣe ń mọ iye tí sílíńdà máa gbà. Ọmọ méjì ti sùn. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Kọ́lá wá nawọ́ sókè. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ta ló máa ń bi èèyàn ní irú èyí lójú títì?" Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ní kó jókòó. Nígbà tí aago lù, mo lọ sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn tisà, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí oṣù mẹ́ta náà fi kù díẹ̀ kó pé, ni mo bá gbé e wá síwájú Ọlọ́run. Àǹtí Fúnkẹ́ tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù yẹn bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá mi dúró láàárín àdúrà. "Mọyọ̀, o ń ṣàlàyé fún Ọlọ́run jù. Ó ti gbọ́. Ṣe àmín." Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yà sí Ọ̀yìngbò láti ra gààrí. Bí ẹni tó ń tà á ṣe ki kóńgò bọ inú àpò báyìí, ojú mi ò kúrò lára agolo róbótó náà mọ́. Sílíńdà ni. Sílíńdà ni wọ́n fi ń wọn ohun tí gbogbo wa ń jẹ, ọwọ́ ìyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ló sì wà. Orí mi wú. Mo dúpẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń ta gààrí rò pé òun ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kò tọ́pẹ́.

Mo bá ní kí àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń tajà yá mi ní kóńgò fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́fà ló dé. A fi rúlà wọn ẹnu ẹ̀ àti gíga ẹ̀, a ṣírò ẹ̀, a wá ń da omi sí i láti mọ̀ bóyá a gbà á. Ẹni kankan ò sùn. Kọ́lá fúnra ẹ̀ ló gbá ike omi mú, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú mọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo kọ orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan sí bọ́ọ̀dù, mo kọ iye tí kóńgò ẹ̀ gbà síwájú ẹ̀. Nígbà tó kan ti Ràfíà, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà tó mú kóńgò ìyá wọn wá, omi tó gbà kò tó iye tí a ṣírò. A dojú ẹ̀ dé, ìdí ẹ̀ ti wọnú. Ni ọmọ kan bá ní, "Háà, ìyá Ràfíà ti ń rẹ́ wa jẹ tipẹ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ràfíà gbórí lé tábìlì, kò gbé e sókè mọ́ títí a fi jáde.

Ẹ̀yin náà mọ ọmọ ọjà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsọ̀ kí n tó délé. Lọ́jọ́rú, Ràfíà ò wá. Kọ́lá ló wá jíṣẹ́ fún mi: "Àǹtí, ìyá Ràfíà ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹun dáadáa kẹ́ ẹ tó wá."

Ọ̀la yẹn, Ọjọ́bọ̀, ni Mọ́mì fẹ́ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi.

Ṣé ẹ mọ àdúrà tí mo gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Mo ní kí Olúwa dí ìyá Ràfíà lọ́wọ́. Mo ní kó rán oníbàárà sí wọn débi tí wọn ò ní ráyè mí. Mo ní àdúrà rere ṣáà ni fún àwọn náà.

Lọ́jọ́bọ̀, Mọ́mì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Èmi ti dá àwọn kóńgò padà, àfi ẹyọ kan tí mo gbé pamọ́, mo ti padà sídìí bọ́ọ̀dù, mò ń kọ fọ́múlà. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìyá Ràfíà wọlé pẹ̀lú ike gààrí lọ́wọ́ kan, kóńgò wọn wà lórí ẹ̀, wọ́n mú Ràfíà dání. Ọlọ́dẹ wà lẹ́yìn wọn, ó ń sọ pé òun ti ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ni tisà tó ní olè ni mí?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. "Èmi ni, mà. Mi ò pè yín lólè, mà, àmọ́ mo kọ orúkọ yín sí bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi ọmọ yín rẹ́rìn-ín. Mi ò ro ibẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gbé ike gààrí kalẹ̀. "Ẹ dìde, Àǹtí. Mo fẹ́ bá yín jà lánàá, ó ti kúrò lára mi. Ìṣirò ni mo wá ṣe. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ẹ ò ṣe é tán." Wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ. "Kóńgò mi ti bọ́ látorí ọkọ̀ tipẹ́, gbogbo ìsọ̀ wa ló mọ̀. Ta ló ti bá mi ra gààrí rí níbí? Tí mo bá wọ̀n ọ́n tán, kí ni mo máa ń ṣe?"

Kọ́lá ní, "Ẹ máa ń fi èènì sí i, mà."

"Ẹ̀kúnwọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ẹyọ kan. Ìyá tèmi kì í tiẹ̀ fi sí i tínú bá ń bí wọn."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Mọ́mì lẹ́yìn kíláàsì, mi ò lè wo ibẹ̀. Yorùbá la ń sọ, ó sì wà lára ògiri pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kíláàsì. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé mi ò mọ èsì ìṣirò náà. Tí a bá wọ̀n ọ́n tí kò tó, mo tún dójú ti obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kejì, lójú ọmọ ẹ̀. Mo fẹ́ ní ká fi sílẹ̀. Àmọ́ Ràfíà ń wò mí. Mo ní, "Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é tán."

Agolo mílíìkì la fi kà á. Kóńgò tí mo gbé pamọ́, tí ìdí ẹ̀ pé, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan lórí, gba agolo mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. A wá bọ́ sórí ti ìyá Ràfíà, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta wọn. Ràfíà ló ń dà á, gbogbo kíláàsì ń kà. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Gààrí ṣì kù. Ó rọra ń dà á. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kún, díẹ̀ tún ṣẹ́ kù.

Ariwo tí àwọn ọmọ yẹn pa, ẹ lè gbọ́ ọ láti Yábàá. Ọmọ tó ní wọ́n ń rẹ́ wa jẹ dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ràfíà ní, "Àlùhámúdùlíláàhì. Àǹtí, ẹ kọ ìyẹn náà sí bọ́ọ̀dù, orúkọ mi gàdàgbà."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà.

Ni Mọ́mì bá dìde lẹ́yìn, wọ́n ń bọ̀ níwájú. Mo rò pé iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Wọ́n na ọwọ́ wọn síta, wọ́n ní, "Ìyá Ràfíà, ẹ dúró ná. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń tà á kéré bíi tèmi ńkọ́?" Yorùbá ni Mọ́mì fi sọ ọ́. Wọ́n ki ọwọ́ bọ gààrí. A wọ̀n ọ́n, Kọ́lá sì sọ fún Mọ́mì pé ọwọ́ tiwọn máa nílò ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin kó tó pé. Aago lù, ẹnikẹ́ni ò jáde, Mọ́mì gan-an ò jáde.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn náà. "Mọyọ̀, má kọ orúkọ òbí kankan sí bọ́ọ̀dù mọ́."

"Mi ò ní kọ ọ́ mọ́, mà."

"Wá gba lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ajé. O ti di tiwa."

Ẹ̀yin ará, mo ti gba lẹ́tà náà. Mo sì ti rò ó títí: ká ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tó dí ìyá yẹn lọ́wọ́ lóòótọ́, fọ́múlà nìkan ni Mọ́mì ì bá bá lójú bọ́ọ̀dù. Ràfíà ì bá sì máa gbórí lé tábìlì títí dòní. Ẹni tí mo ní kó má wá ni Ọlọ́run fi gbà mí.

Ní báyìí, ìyá Kọ́lá ti ránṣẹ́ pé ìgbà wo làwọn náà máa wá. Òbí kan tó ń ránṣọ ní Súrùlérè ní òun máa mú téèpù wá. Ẹ bá mi yin Ẹni tó mọ èyí tó máa gbọ́ àti èyí tó máa fojú fò nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá Ràfíà náà yọ̀. Ìsọ̀ ìyá ẹ̀ wà lápá ojú irin. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ra gààrí lọ́wọ́ wọn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè èènì, wọ́n á fi sí i.