Òórùn Òdòdó Ọ̀pẹ Tí N Kò Fi Han Ràfíù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mélòó kan. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Oko ọ̀pẹ ńlá kan nítòsí Pobè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tuntun bí a ṣe ń mú kí ọ̀pẹ so. A ó fi àpò bo abo òdòdó kí kòkòrò má bàa dé ibẹ̀, a ó dúró dìgbà tó bá gbó, a ó wá fẹ́ ìyẹ̀fun akọ òdòdó sí i.

Ọmọ Ìsàbà ni mí, n kò gbọ́ Faransé tí wọ́n fi ń darí oko náà. Ìyẹn ló sé mi mọ́. Nígbà tí a gba òmìnira, tí àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn, àwọn tí mo kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ṣẹ̀fù, olórí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí mo kọ́ bí a ṣe ń gun ọ̀pẹ, kò pẹ́ tó fi ń pàṣẹ fún mi. Kò sí ẹni tó padà wá kí mi. Bí aránṣọ bá kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ á kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ, àwọn òbí rẹ̀ á gbé oúnjẹ wá. Tèmi, wọ́n á kàn kẹ̀yìn sí mi. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n kó mi lẹ́rù títí ó fi sú mi.

Ràfíù wá dé láti Sakété. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ, ó fẹ́ kí ó jókòó ti ọjà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kàwé, kò fẹ́. Dìrẹ́tẹ̀, ọ̀gá àgbà oko náà, sọ lójú gbogbo wa pé bó bá ti mọ iṣẹ́, òun ni yóò ṣe ṣẹ̀fù wa. Mo ní òmíràn tún dé.

Abo òdòdó tó bá gbó máa ń funfun, ó sì máa ń ta òórùn dídùn kan. Bó bá fi máa pupa, àsìkò tí à ń fẹ́ ìyẹ̀fun sí i ti kọjá. Mo kọ́ Ràfíù ní ohun gbogbo àyàfi èyí. Mo ní kí ó dúró títí yóò fi pupa. Ó gbà mí gbọ́, torí ẹyìn tó pọ́n ni wọ́n ń tà lọ́jà Sakété. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: mo fi sùúrù kọ́ ọ. Mo ń tún un sọ léraléra, kí irọ́ náà lè mọ́ ọn lára.

Ọ̀pẹ tirẹ̀ kò so. Dìrẹ́tẹ̀ bi mí, mo ní mo kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára. Wọ́n lé e. Àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó sì fà sẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé mi. Ó ti di aránṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, n ó tú ọmọ iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá jókòó sípò ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ọ̀pẹ ò gbà mí, ọwọ́ mi ni ò dáa. Ṣùgbọ́n sùúrù tẹ́ ẹ fi kọ́ mi, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ."

Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, òun nìkan ló dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún.

Bí mo bá lọ, olè ni yóò jókòó sórí àga yẹn. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo tún gba sùúrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, Jímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ Ràfíù yóò kúnlẹ̀ níwájú mi. Kí ni kí n sọ fún un?