Ọdún Mẹ́tàlá Tí Ìsá Fi Kún Ọjọ́ Orí Mi

Jókòó, Àbíkẹ́, jókòó, má tíì ṣí ìborùn, má bi mí bóyá mo ti jẹun, n kò tíì jẹun, túbáànì ẹlẹ́wà tí ìyàwó Ìsá ọmọ mi gbé wá láàárọ̀ ló wà lábẹ́ àwo yẹn tó ti tutù, mú un tó o bá fẹ́, ebi ò pa mí, nǹkan kan ò pa mí, àní àwọn ọmọ mi méjèèjì pàdé lórí fóònù lánàá, wọ́n gbé èmi ìyá wọn sáàárín bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n ń bi ara wọn pé tó bá fọ́ lọ́nà ńkọ́, ta ni yóò sanwó rẹ̀! Èmi Àrìnkẹ́! Mo jókòó síbí gan-an, fóònù wà lórí itan mi, ohùn wọn ń jáde látinú ẹ̀, "tí Mama bá ṣubú," "tí Mama bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀," "tí Mama bá lọ kú síbẹ̀," kò sì sẹ́nì kan nínú wọn tó ní, "Mama, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ rí sí i?"

N kò sunkún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tí kò fi mọ̀ pé tòun ni mọ́. Kì í ṣe àìsàn o! Wàlláhì, má lọ sọ fún Ìsá pé ara mi kú, kíá ni yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn.

Fọ́ọ̀mù wo? Fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì! O ò gbọ́? Báwo lo ṣe máa gbọ́, o jókòó sí àdúgbò Zogbeli lọ́dọ̀ ọmọ rẹ, ó di ìgbà tí mo bá ránṣẹ́ kó o tó wá wò mí. Tóò, jẹ́ kí n tò ó fún ọ.

O mọ̀ pé Bàlkísù, àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ti lóyún. Ọdún kẹsàn-án nílé ọkọ, Àbíkẹ́! Mẹ́sàn-án! Oyún ti pé oṣù márùn-ún. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, wò ó, wò ó níbí, má fìka tẹ̀ ẹ́, á lọ. Ṣé o rí i? Orí nìyí, imú nìyí, èyí tó fi bojú yìí, ọwọ́ ni. Ó ń tijú wa! Ọmọ tí a ò tíì bí, ó ti mọ ojú àgbà! Mo ti fi han gbogbo Sabonjida àdúgbò wa yìí, mo fi han ẹlẹ́ran, mo fi han ẹni tó fi alùpùpù gbé mi lọ sí ọjà Aboabo, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eruku, mo ní ojú ẹ ló léruku. Bàlkísù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Mama, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá wẹ ọmọ mi." Èmi kọ́ ni mo tọrọ rẹ̀. Mo ti ra òrí, èyí tó funfun tí kò rùn, mo ti gbé ọṣẹ dúdú pamọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í na apá mi láàárọ̀ láàárọ̀ kó má baà gan lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gbé ọmọ sókè.

Ló bá di pé mo lọ bá Sadiq tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ní Aboabo. Ó ní, "Hajia, ẹ máa gba ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, àbí ẹ ò gbà á?" Mo ní kí ni yẹn. Ó ní téèyàn bá rìnrìn àjò tí àìsàn gbé e ṣubú nílùú onílùú, àwọn onínṣọ́ránsì ni yóò sanwó ọsibítù, tó bá sì ṣe pé ó kú, àwọn náà ni yóò… mo ní pa ẹnu ẹ dé! Èmi ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí mo fẹ́ lọ wẹ̀, ìwọ ń sọ̀rọ̀ òkú tí wọn ó wẹ̀!

Mo bínú, n ò purọ́. Mo délé, mo ní ṣé Ọlọ́run tó gbé mi lọ sí Mẹ́kà tó gbé mi bọ̀, ṣé kò sí ní Lọ́ńdọ̀n ni? Sùfíyánù àbúrò mi, àfáà tó o mọ̀ yẹn, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run náà ń ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kó tó lọ kírun." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sì rántí bàbá Mùsbáù, aládùúgbò wa. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, ọjọ́ kẹrin tó débẹ̀, ó yọ̀ nílé ìwẹ̀, itan kán. Kò gba nǹkan kan kó tó lọ. Ọmọ yẹn ta mọ́tò láti sanwó ọsibítù, ó ta èyí tó ń bẹ nílé, ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Bàbá ti padà wálé báyìí, ó ń tiro, ṣùgbọ́n itan kọ́ ló ń dùn ún, ojú ọmọ rẹ̀ tí kò lè wò mọ́ ló ń dùn ún. Tí ọmọ bá pè lórí fóònù, á ní kí wọ́n sọ pé òun ń sùn.

Nítorí náà mo gbà. Má wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Mo gbà pé àgbà tó ń lọ sílùú onílùú, kó gba ìnṣọ́ránsì, ara àgbà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Mo padà lọ bá Sadiq, mo ní ó dáa, kọ mí sí i. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù mi. Ó wo ojú ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Hajia, ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní àwọn tí òun ń bá ṣe kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọgọ́rin. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, owó tó ń béèrè ju owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lọ, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá mi dúbúlẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Hàbà! Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mo ní! Gbogbo àìsàn tí n kò ní ni wọn ó sanwó rẹ̀, èyí tí mo ní gan-an ni wọn ò ní san!

Ohun tó fa ìpàdé orí fóònù nìyẹn. Bàlkísù ní láìsí ìnṣọ́ránsì kí n má wá, òun ò lè bímọ kí òun tún máa sá kiri ọsibítù tìtorí ìyá òun. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló pa mí. Ó ní tí ọ̀rọ̀ mi kò bá lójútùú títí oṣù yìí fi máa parí, Amama ni yóò wá wẹ ọmọ.

Amama! Ìyá ọkọ rẹ̀ ará Kumasi! Ìwé rẹ̀ ní ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Méjìlélọ́gọ́ta kẹ̀! Àwọn ará ibẹ̀ ń yọ ọdún, àwa ń fi ọdún kún un! Obìnrin tí kò ní eyín ìsàlẹ̀ mọ́, òun ni ara rẹ̀ le, èmi ni mo di ẹrù tó lè fọ́. Ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òrí fa orúnkún ọmọ? Yóò kàn fi omi gbà á lójú, yóò ní ó ti wẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ohùn yẹn jáde lẹ́nu mi bíi pé ẹlòmíì ló wà níbí tó ń sọ̀rọ̀. Mo pa fóònù, mo sì jókòó títí Ìsá fi wọlé.

Ìsá! Ta ló sì kọ mẹ́rinlélọ́gọ́rin sínú ìwé yẹn, tí kì í bá ṣe Ìsá? Lọ́dún tí mo ń lọ Mẹ́kà, níbi tí a ti lọ gba pásípọ́ọ̀tù, wọ́n bi mí pé ọdún wo ni wọ́n bí mi, mo wo Ìsá, Ìsá wo mí. Ìwé wo ni mo ní? Bàbá wa kò kọ ìbí ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìwé péńpé tó sì wà nílé, ó sọnù lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo àjèjì máa fi Gánà yìí sílẹ̀. Ọmọ mi dìde níwájú gbogbo èrò, àyà rẹ̀ yọ síta, ó dárúkọ ọdún kan tó jìnnà bí ọ̀run. Mo bi í níta, ó ní, "Mama, ṣé kí n wá kéde yín bí ọmọdé níwájú wọn ni?" Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Ọ̀wọ̀ ni, Àbíkẹ́! Ọdún mẹ́tàlá ló fi dá mi lọ́lá. Ọmọ wo ló tún ń fi ọ̀wọ̀ ti ìyá rẹ̀ mọ́lé báyìí?

Kí lo ní? Sọ ọ́ sókè.

Pé ṣé èmi ò mọ̀?

Mo mọ̀. Káì, mo mọ̀. Lọ́dún tí wọ́n lé wa yẹn, ọmú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, ìwọ ti wà nílé ọkọ. Ìwọ dúró sí Ìlọrin, bàbá mi kó wa padà síbí. Nígbà tí ọkọ rẹ kú tó o padà wá, mo ti di Hajia, mo ti di ìyá àgbà Sabonjida, àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún mi níbi ìsọmọlórúkọ, ẹnu mi ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó dùn mọ́ mi, Àbíkẹ́. Èmi tí n kò mọ̀wé, tí n kò ní orúkọ níbì kankan, ìwé ló wá sọ mí di ẹni ńlá. Ìwọ wọlé, o wò mí lórí àga, wọ́n ní kí o kúnlẹ̀ kí Hajia. O sì kúnlẹ̀. Ìwọ tó o gbé mi pọ̀n! Tó o fi aṣọ ìyá rẹ so mí mọ́ ẹ̀yìn ká gbogbo agbo ilé! O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ kú ilé, ma," mo sì dá ọ lóhùn, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, Àbíkẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rán ọ níṣẹ́. O ò tú àṣírí mi rí, kódà o ò fi ojú sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo bi akọ̀wé pé báwo ni mo ṣe lè tún ọjọ́ orí mi ṣe. Ó ní kí n mú ẹbí mi kan wá tó jù mí lọ, tí ìbí mi ṣojú rẹ̀, kó wá búra pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ó wá tún wo ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, ta ló kù láyé tó jù yín lọ?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó kù.

Rárá, má dìde. Mo ní kí o… mo ní kí ẹ má dìde. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Lọ́la, ẹ bá mi lọ, kí ẹ búra pé ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n, pé ẹ fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ.

Kí ni?

Níwájú àwọn obìnrin àsàlátù? Gbogbo wọn? Pé kí n dìde dúró, kí n fẹnu ara mi sọ lọ́jọ́ Àìkú pé ẹ jù mí lọ, kí ẹ tó tẹ̀ lé mi lọ síbì kankan?

Hàbà, ẹ̀yin náà.

Ó dáa. N ó sọ ọ́. Kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbé àga wọn. Ẹ jẹ́ kí n di ògiri yìí mú. Ó tì o, ẹ má ràn mí lọ́wọ́, èmi ni kí n ṣe é. Ẹ wò ó, mo ti kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún yìí kì í ṣe ti ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọdé náà, ẹ tètè dá mi lóhùn!